Òdòdó Tí Kò Fẹ́ Ilẹ̀

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Ẹ̀jìgbò níbí, ọwọ́ mi ni òdòdó kan kú sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bomi rin òdòdó tó wà lójú fèrèsé wa. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Àbíjàn ni bàbá mi ti ń ránṣọ nígbà náà, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, àgbẹ̀ paraku, ọmọ Ìsúndúnrin. Lọ́dún yẹn, ìyá mi ṣàdédé wálé láìkó ẹrù. Igi kan tí kò gùn ju apá lọ ló gbé lé itan láti Àbíjàn. Wọ́n fi okùn so ewé nínípọn mẹ́rin mọ́ ọn, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó ń fì dirodiro nínú afẹ́fẹ́. Ó ní ọkidé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, pé bó bá tanná, á dà bí labalábá.

Ìyá àgbà wò ó títí. "Ìyàwó mi, àfòmọ́ tí à ń fi àdá há kúrò lára igi obì lo gbé la ìlú mẹ́ta kọjá?"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kíá ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sọ fún mi pé àbúrò mi, tí mi ò tíì fojú rí, ti kú. Oṣù mẹ́jọ péré ló lò láyé. Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló gbé e lọ, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un. Kò sí fọ́tò. Igi kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn tí ìyá mi máa ń tẹ́ ẹní ọmọ náà sí abẹ́ rẹ̀. Ara igi yẹn ló ti já òdòdó yìí.

"Ó máa ń nawọ́ sí i," ìyá mi wí.

Kó tó padà, ó so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé nítòsí kànga, níbi tí oòrùn kì í dé tààrà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi bí mo ṣe máa wọ́n omi sí i hàn mí. "Dùsùmáà," ó fi Faransé Àbíjàn wí, "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Bó bá mu àmujù, á rà. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á rọ. Má sì gbìn ín sílẹ̀ o!"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ó le, ẹ̀yin ọmọ. Bó ṣe ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni, ẹ fọ́n ọn, ẹ bomi rin ín, ó parí. Èyí lo oṣù mẹ́ta, kò yọ ewé kan. Adìyẹ tó fẹ́ wọ̀ sórí rẹ̀ já ọ̀kan nínú mẹ́rin tó ní. Ọyẹ́ wá dé. Ètè wa ń bẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì súnkì bí òwú. Mo ń wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo ń sunkún.

Ìyá àgbà ò lè wò mí níran mọ́. Ó ní, "Gbòǹgbò níhòòhò nínú ọyẹ́ yìí! Ọmọ tí òtútù ń mú, ṣé a kì í daṣọ bò ó ni?" Ó bu ilẹ̀ dúdú láti ààtàn, ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ, ó dà á sínú ìkòkò, a sì gbé òdòdó náà sí i, a bò ó dé ọrùn. Mi ò ní purọ́ fún yín: mo rántí ohun tí ìyá mi sọ. Mo rántí, mo dákẹ́, torí inú mi dùn pé ara rẹ̀ máa móoru.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ewé náà fi pọ́n, tó sì dúdú. Mo fà á díẹ̀, ó tú sí mi lọ́wọ́, ó ń rùn.

Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ nígbà tí ìyá mi dé. Kò tíì kí wa tán tó ti ń wo abẹ́ òrùlé.

"Èmi ni mo ṣe é, ìyàwó mi," Ìyá àgbà wí. "Má na ọmọ."

Ìyá mi tẹjú mọ́ ìkòkò náà. "Ibí lẹ sin ín sí?"

"Ibẹ̀ ni," Ìyá àgbà dáhùn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé iyẹ̀pẹ̀ náà, ó wá sun ẹkún tí kò sun lójú wa láti ọjọ́ tó ti gbé òdòdó náà wálé. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ náà nù, kó fi ìkòkò gbin ata. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi í sílẹ̀. Kí èmi náà ní ibì kan tí mo mọ̀." Ìyá àgbà, tó mọ àṣà ju gbogbo wa lọ, fi etí aṣọ nu ojú, kò sì fọwọ́ kan ìkòkò náà mọ́ títí tó fi kú. Ìgbàkígbà tí ìyá mi bá ti Àbíjàn dé, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ.

Ayé ti yí. Nígbà yẹn, lẹ́tà tí a bá fi rán awakọ̀ lè lo oṣù kan lọ́nà. Lónìí, ǹ bá ti pè é lórí fóònù kí a tó bu ilẹ̀. Fọ́tò yín nìkan ti kún inú tèmi. Wọ́n tilẹ̀ ń ta irú òdòdó yẹn ní Ìbàdàn, nínú ìkòkò oníhò tí wọ́n rọ èédú sí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ra tiwa, kò tíì tanná.

Wọ́n ti wó agbo ilé náà tòun ti ìkòkò ọ̀hún, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyá mi gba ibẹ̀ kọjá, ó dúró. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó ní, "Ṣé o ṣì mọ ojú ibẹ̀?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo nà án sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí.