Ẹ̀yìn Tí Ọmọ Mi Ò Gùn Mọ́

Ibi tí pajápajá ẹ̀yìn ti mú mi ló ń dùn mí jù. Kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ níléeṣẹ́, níbi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ to bísíkíìtì sínú páálí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ló ti mú mi ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti já wa sílẹ̀ láti Agbára, mo ti délé wa ní Jójú, mo ti fọwọ́. Ọmọbìnrin mi, tó ṣì ń rá nígbà yẹn, na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo ní kí n fa ọ̀já wé e. Àfi gádí! Nǹkan kan há nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń fún aṣọ tó fẹ́ sá. "Ẹ gbà mí o!" Mi ò lè nàró, mi ò lè jókòó, ọmọ wà lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìyá ọkọ mi, tó wá láti Ìwó láti bá wa tọ́jú ọmọ, ló sáré wá gbà á.

Gbogbo ilé ní kí n sùn kalẹ̀. Màmá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣíbí. "Jẹ́ kẹ́yìn ẹ sinmi, ìyàwó mi." Wọ́n á fi òrí ra ibẹ̀, wọ́n á ki aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi tẹ̀ mí lẹ́yìn, wọ́n á máa ní "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Bí mo ṣe ń sùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ọ̀hún ń le sí i. Kí n tó dìde lọ tọ̀, ẹjọ́ ni. Ọkọ mi ní ṣé kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ jayé ìyàwó olówó ni. Ojú tí mo fi wò ó, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó sú mi ni mo lọ sí ọsibítù. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan níbẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́yìn síbí, ó tẹ̀ mí lẹ́yìn sọ́hùn-ún. Ó ní, "Màdáàmù, eegun yín ò ṣe nǹkan kan. Iṣan ló há." Ó ní kò la iṣẹ́ abẹ lọ. Kí n máa lo aṣọ gbígbóná, kí n máa rìn, kí n máa na ara díẹ̀díẹ̀, kí n yéé sùn sílẹ̀ bí aláìsàn. Inú mi dùn, mo ti ń wá bàtà mi.

"Ẹ má tíì gbé nǹkan tó wúwo o. Ẹ má sì tíì pọnmọ."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí iṣan á fi dẹ̀."

Mo pòṣé níwájú rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láràárọ̀ nìyẹn, láti ilé dé títì, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń sáré kọjá lára mi. Bí mo bá dé, màá kúnlẹ̀, màá fọwọ́ tilẹ̀ lórí ẹní, màá máa fa ẹ̀yìn sókè, màá máa rọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Màmá á gbé aṣọ gbígbóná lé e. Ọmọ á máa wò wá.

Ṣùgbọ́n bí oorun bá ti ń kùn ún, ẹ̀yìn Màmá ló ń wá. Ọmú nìkan ló kù tó ń gbà lọ́wọ́ mi. Tó bá ti mu ún tán báyìí, ó ti na ọwọ́ sí wọn nìyẹn. Mo jowú, kò sírọ́ ńbẹ̀. Inú ń bí mi sí ẹni tó ń ṣe mí lóore, ojú sì ń tì mí. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Màmá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jàre, ẹ ti ń bà á jẹ́." Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Háà, igbe tí ọmọ yẹn ké! Èmi náà ni mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á.

"Ẹ̀yìn tìẹ náà ló máa padà sí," ni wọ́n wí. Mo kọjú sí ògiri.

Ìgbà tí iṣan fi máa dẹ̀, ọmọ ti ń rìn. Obìnrin ọsibítù ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n nàró, ó ní, "Ẹ lè máa pọ̀n ọ́n báyìí. Ẹ ṣáà rọra." Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Màmá ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rí ojú mi, wọ́n ní "Alihamudulilahi," wọ́n tú ọ̀já ìdí wọn, wọ́n nà án sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí ọmọ mi. "Ó yá, gun ẹ̀yìn mi. Ìyá ẹ ti dé."

Ó dúró, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Ó yíjú, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, aṣọ ìnura ló ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀. Ó gbé e lé mi nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ní gbígbẹ bó ṣe wà, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́.

"Pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́," ló ní.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀já wà lọ́wọ́ mi, ni mo bá bú sẹ́kún.