Ọjọ́ Tí Àgbò Iléyá Wọ Abẹ́ Títì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Pápá Àjàó, kò sí ohun tí n kò lè fi ẹnu ṣe. Mo lè na ọmọkùnrin tó jù mí lọ, mo lè gun igi máńgòrò dé òkè téńté, mo lè dá sùn nínú òkùnkùn. Ẹnu ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn mọ̀ pé tí iná bá ti lọ báyìí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wá ẹ̀yìn ìyá mi.

Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá wa ń ṣe. Eruku pákó wà lára aṣọ wa, lórí ẹní wa, kódà nínú gaàrí tí a ń mu. Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ, Bàbá kò rí àgbò pa ní Iléyá. Ẹran tí àwọn ará àdúgbò bù fún wa la jẹ. Ẹran náà dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo rí bí Bàbá ṣe ń gba abọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń dúpẹ́, tí wọ́n sì ń yára wọlé padà.

Nítorí náà, nígbà tí àgbò wọ ilé wa lọ́dún kejì, bí ẹni pé ọba ló wọlé ni. Ara rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ dúdú, ìwo rẹ̀ ká dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. A sọ ọ́ ní Ọ̀gá. Sìdíkà, àbúrò mi obìnrin, ló ń bọ́ ọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á kó èèpo iṣu sínú abọ́ tánganran kan tí ara rẹ̀ ti bó, á fi ṣíbí lù ú, gán-gán-gán, Ọ̀gá á sì dìde. Iṣẹ́ tiwa ọkùnrin ni ká fà á jáde lọ ṣe fáàrí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ku díẹ̀: oníkálukú á fa àgbò ilé wọn lọ sí pápá, a ó jẹ́ kí wọ́n kàn, ẹni tí àgbò rẹ̀ bá sá á gba yẹ̀yẹ́ délé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Múrí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, pẹ̀lú Fẹ́mi ọmọ ará ilé wa, la fa Ọ̀gá jáde. A kò tíì dé pápá tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan fi bẹ́, gbàù! Ọ̀gá já okùn gbà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Múrí, ó bẹ́ sínú gọ́tà ńlá, ó sì sá wọ ibi tí gọ́tà náà ti gba abẹ́ títì kọjá.

Ẹ ó rántí ihò yẹn. Tí kò bá sí òjò, gbígbẹ ló máa ń wà, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, dúdú bí ẹnu ààrò. Àwọn ìyá wa ní òyìnbó kan wọ ibẹ̀ rí, kò sì jáde mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí òyìnbó wá ṣe nínú gọ́tà Pápá Àjàó. Ojú ọ̀run sì ti ṣú. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ni omi gbogbo àdúgbò ń gbà. Àgbò Bàbá ló sì wà níbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Múrí di ọ̀gágun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sáré lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá láti ìsọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sá bátìrì rẹ̀ sóòrùn láàárọ̀ ọjọ́ náà kí agbára rẹ̀ lè padà; ẹ̀yin náà ṣe é rí, ẹ má sẹ́. Ó ní òun á ṣíwájú, Fẹ́mi á tẹ̀ lé òun, èmi ni kí n gbẹ̀yìn. Sìdíkà ti sáré dé.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ mú abọ́ rẹ̀ wá."

"Abọ́ kẹ̀?" ni Ẹ̀gbọ́n Múrí wí. "Ṣé ìyàwó la fẹ́ lọ mú wálé ni? Lọ bá ìyá rẹ jàre!"

Sìdíkà pòṣé, ó sì yí padà lọ.

A wọlé, a tẹ̀ ba bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Òórùn ẹrẹ̀ àti epo mọ́tò gba imú wa. Tí ọkọ̀ bá kọjá lókè, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n, iyanrìn á máa já sí mi lọ́rùn. Nǹkan kan gun ẹsẹ̀ mi. N kò béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀nà yà, a kò rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn wa mọ́. Ibẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì ti pọ́n, tó sì kú. Nínú òkùnkùn yẹn, ẹnì kan wúkọ́ níwájú wa, bí bàbá arúgbó.

Lónìí mo mọ̀ pé àgbò máa ń wúkọ́. Lọ́jọ́ yẹn, òyìnbó yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n Múrí ké "Yéè, ó ti dé!" ó sì gba orí wa kọjá. Fẹ́mi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ń pe Ọlọ́hun bíi ti lèmọ́mù bó ṣe ń sá lọ. Èmi ọmọ ilé kéú ń pe Jésù. Wọ́n tì mí ṣubú. Ọwọ́ mi bọ́ lé nǹkan gígùn kan tó tutù. Mo rò pé ejò ni, kí n tó mọ̀ pé okùn Ọ̀gá ni. Mo dì í mú.

Mo fà á, kò mira. Mo bẹ̀ ẹ́: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká lọ." Àrá sán. Láìpẹ́, nǹkan tutù kan kan ọrùn ẹsẹ̀ mi. Omi ni. Mo ń gbọ́ Ẹ̀gbọ́n Múrí lókèèrè: "Tájù, fi àgbò sílẹ̀! Jáde!" Omi ti dé ojúgun.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ, láti òdì kejì títì. Gán-gán-gán.

"Ọ̀gá o! Ọ̀gá, wá jẹun!"

Okùn le lọ́wọ́ mi, àgbò náà gbéra. Ó ń fà mí lọ bí ọmọlanke, mo ń fi orúnkún àti àyà tẹ̀ lé e, títí mo fi rí ìmọ́lẹ̀. Sìdíkà ló dúró níbẹ̀. Ó ti kọjá títì, ó sì dá gba ẹnu ihò kejì wọlé, láìsí tọ́ọ̀ṣì, láìsí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó dúró nínú omi, ó ń lu abọ́, ojú rẹ̀ dì pa. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó ṣáà ń lù ú. Ó lajú, ó rí Ọ̀gá, ó wá rí mi lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀dá Tájù, ṣé èèpo iṣu lẹ̀yin náà wá jẹ ni?"

A kò pẹ́ jáde tí àgbàrá fi ya gba ibẹ̀, tòun ti bàtà àti páànù àwọn èèyàn.

Bàbá ní kí èmi àti Ẹ̀gbọ́n Múrí kúnlẹ̀, ká gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń fi mí hàn: "Ẹ rí ọmọ tí kò fi okùn sílẹ̀." Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gba oríyìn mi. N kò sọ fún wọn pé ẹ̀rù ló di ọwọ́ mi pa, tí kò ṣeé ṣí mọ́.

Ní ọjọ́ Iléyá, Bàbá fúnra wọn ló pín ẹran kiri àdúgbò. Sìdíkà ló ru abọ́ níwájú wọn. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń sọ ọ́: "Ọmọ mi tó mú àgbò jáde rèé." Wọn kò yára kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a jókòó láti jẹun, gbogbo wa ń wo Sìdíkà, a rò pé yóò sunkún nítorí Ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n bá òun fi ata sí i.

Lónìí, wọ́n ti da kọnkéré bo gọ́tà yẹn, ṣọ́ọ̀bù sì wà lórí rẹ̀. Fóònù oníkálukú ló ní tọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ń sá bátìrì mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá máa ń lọ wọ ihò inú àpáta fún ìgbádùn, pẹ̀lú akoto lórí àti ẹni tí yóò mú wọn mọ̀nà. Wọ́n ní kí n bá wọn lọ. Mo ní ta ni yóò gbé abọ́ dání? Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Sìdíkà ti di ìyá àgbà ní Ìpọ̀nrí. Ilé rẹ̀ la ti ń ṣe Iléyá báyìí. Tí oúnjẹ bá jinná, kì í pe ẹnikẹ́ni. Á mú ṣíbí, á fi lu ọmọrí ìkòkò, gán-gán-gán. Kí àwọn ọmọdé tó gbé ojú kúrò lára fóònù, èmi ti dìde.