Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ara Mi Kéde Pé Mo Fìdí Rẹmi

Páálí panettone, àkàrà òyìnbó tí wọ́n máa ń jẹ nígbà Kérésì, la fi ṣe àpótí ìbò lọ́jọ́ náà, òórùn bọ́tà àti ọsàn ṣì ń jáde lára rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn kan ní Bergamo, ní ilẹ̀ Ítálì, la wà, èyí tí àlùfáà àdúgbò máa ń yá wa ní ọ̀sán Sátidé. Alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá fẹ́ kó lọ bá ọmọ wọn ní Torino, a sì fẹ́ dìbò yan ẹlòmíràn. Èmi ni igbákejì wọn. Háà, ipò yẹn wù mí! Mo ti ra kóòtù tuntun sílẹ̀, mo sì ti ń fojú inú wo bí n ó ṣe máa jókòó níwájú.

Màmá kan tó ń ṣe badante, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó kan ní àdúgbò Città Alta, la jọ ń du ipò náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ńkọ́? Ẹnu mi kì í sinmi. Ní magazzino tí mo ti ń to ẹrù, ọ̀rọ̀ ìṣèlú Amẹ́ríkà ni mo fi ń da àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láàmú. Mo ti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n bí èrò ṣe ya wọ ilé aṣòfin wọn níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò ààrẹ, tí àwọn aṣòfin sá pamọ́, síbẹ̀ tí wọ́n padà wá jókòó, tí wọn ò dìde títí wọ́n fi kà á tán. Èyí tó wá jọ mí lójú jù ni pé igbákejì ààrẹ ló darí ìjókòó náà, tó sì kéde èsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an wà lára àwọn tó fìdí rẹmi. Ni mo bá gbé e lọ sípàdé. Mo ní kí igbákejì alága máa ka ìbò sókè, kí gbogbo ilé gbọ́, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́. Kí n má parọ́, bí orúkọ mi yóò ṣe máa dùn lẹ́nu ara mi ni mò ń rò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó ku bíi ìwé ìbò mẹ́wàá, màmá ti fi márùn-ún jù mí lọ, ohùn mi sì ti ń lọ sílẹ̀. Ni ọ̀rẹ́ mi kan ní magazzino bá fò dìde, ó já páálí gbà lọ́wọ́ mi, ó ní màgòmágó ni. Ariwo sọ! Àwọn tó wà lẹ́yìn màmá ń gbé kóòtù wọn wọ̀, wọ́n ní àwọn á lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà wa nígbà tí kòrónà há gbogbo wa mọ́lé. Ó fẹ́ fọ́ lójú mi, mo sì dákẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn, torí ariwo náà ń ṣe mí láǹfààní.

Màmá nìkan ni wọn ò dìde. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ará Amẹ́ríkà, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ náà nìyí?"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́, kódà lẹ́nu àwọn tó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ojú tì mí gan-an. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Gbé e fún mi jàre." Mo ka gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú ohùn tó le. Ìwé tó kẹ́yìn, mo dá ọwọ́ tó kọ ọ́ mọ̀: ìyàwó mi ni. Orúkọ màmá ló kọ síbẹ̀ gàdàgbà! Mo kéde pé màmá ló wọlé. Màmá dì mọ́ mi, orin ọpẹ́ sọ, ọ̀rẹ́ mi náà sì ń fi páálí jó.

Títí di òní, mi ò tíì di alága. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará wa ní Torino tàbí Sampierdarena ní Genova bá fẹ́ dìbò, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa pe Amẹ́ríkà." Kóòtù yẹn ni mo máa ń wọ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí ìyàwó mi ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ fún ìrìn-àjò mi sí Genova, mo wá bi í léèrè ìdí tí kò fi dìbò fún mi lọ́jọ́sí. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ká ní mo dìbò fún yín, tí ẹ sì di alága, ta ni ì bá máa bá wọn ka ìbò?"