Orin Tí Màmá Oníbọ́tìnì Lọ Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ìyá mi jẹ́, kó fi ọwọ́ já bọ́tìnì tí wọ́n so. Aṣọ á kọ́kọ́ ya. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń bá àwọn télọ̀ la ihò bọ́tìnì, tí wọ́n ń rán etí rẹ̀, tí wọ́n ń fi eyín gé òwú, nínú yàrá kan tí kò gbà ju bẹ́ǹṣì kan àti àpótí òwú lọ. Màmá Oníbọ́tìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bí bọ́tìnì wọn ṣe le, bẹ́ẹ̀ náà lorí wọn le. Ẹ má bínú, ìyá mi ni, mo lè sọ ọ́.

Orí líle yẹn ló lé àbúrò mi kúrò nílé. Àbíkẹ́yìn wa ni, Onígìtá là ń pè é. Màmá ní òun ò bí alágbe. Lọ́jọ́ kan tó sá ní iléèwé nítorí gìtá, wọ́n gba gìtá náà, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n fi dáná. Wọ́n gbé omi kaná lórí rẹ̀, wọ́n ní kó lọ fi wẹ̀. Háà! Mo wà níbẹ̀. Ọmọ náà wẹ̀, kò sunkún. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó gba òkè òkun lọ. Fún ọdún méjìlá, "Ẹ káàárọ̀ mà" àti "Ṣé àlàáfíà ni?" nìkan ló ń kọjá láàárín wọn lórí fóònù.

Lọ́dún yìí ló ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ òun fẹ́ ṣeré níbi àjọ̀dún orin ńlá kan, ní gbangba pápá, kí èmi àti Màmá wá wò ó. Mo rò pé Màmá máa gbaná jẹ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú àpótí. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí mo fi dáná. Tí mo bá gbọ́ ọ tán, màá sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi."

Mo ní, "Màmá, ẹ kúkú sọ ọ́ fún un lórí fóònù."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ta ló ń tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò gbọ́ rí?"

Ó ti tó oṣù kan tí àyà ti ń dùn wọ́n nígbà yẹn. Wọ́n ń wú ikọ́ gbígbẹ, ara wọn a sì máa gbóná ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní tí a bá dé. Wọ́n tún ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí Onígìtá: "Ọkàn rẹ̀ á dàrú, á ṣi orin kọ níwájú èrò." Mo gbà. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí. Ó mà ṣe o.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, Onígìtá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn tó ń fa àpótí kiri. "Màmá, ṣé ara le?"

"Ó le koko."

Ó wojú mi. Mo ní jíjókòó sínú bàálù ló rẹ̀ wọ́n. Yàrá kan ṣoṣo ló ní. Ó fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń sùn sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Màmá fi ń wúkọ́ sínú ìrọ̀rí. Onígìtá kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, ó ń lọ fi orin dánra wò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Òjò ti rọ̀ kí a tó dé pápá náà. Ẹrẹ̀ mu bàtà wa. Onígìtá wá àga méjì fún wa níwájú pátápátá, kó lè máa rí Màmá láti orí pèpéle. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa kàn án láti ṣeré. Aago mọ́kànlá la ti dé, torí ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé wa. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ń lu àyà Màmá láti ìta, ikọ́ ń lù ú láti inú. Àwọn ọ̀dọ́ tó kun ojú ní ọ̀dà ń fò sókè nínú ẹrẹ̀.

Màmá ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní ìyá ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Màmá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́.

Nígbà tó yá, mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n gbóná janjan. Mo ní ká máa lọ.

"Aago mélòó ló lù?"

"Ọ̀kan."

"Ó ku wákàtí mẹ́ta péré. Jókòó ẹ jẹ́ẹ́."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń rìn kiri láàárín èrò rí wọn. Ó lóṣòó síwájú wọn, ó ní kí n bi wọ́n bóyá ibì kan ń dùn wọ́n. Mo bi wọ́n. Màmá jókòó dáadáa, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ ṣáà mọ̀ wá. Bí ilé ń jó lórí wa, a dúpẹ́ la ó kọ́kọ́ sọ ká tó bèèrè omi. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n báwo lọmọ á ṣe pe ìyá ẹ̀ lónírọ́, tí ìyá náà ń wò ó? Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà fún wọn ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, wọ́n gbé orí lé mi léjìká. Mo ní kí wọ́n rọra sinmi kí Onígìtá tó jáde. Mo tilẹ̀ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí mo rí i tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, mo mì wọ́n: "Màmá, ó ti ń bọ̀ o!" Orí wọn ṣubú. Mo kígbe títí, ta ló máa gbọ́ nínú ariwo yẹn? Ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi rí wa, tí wọ́n gbé Màmá sórí àkéte tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, tí a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, gìtá ti dún. Mo bojú wẹ̀yìn. Onígìtá ń wo àga méjì tó ṣófo.

Nígbà tó ṣeré tán, inú àgọ́ ìtọ́jú ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ti bá mi: "Ẹ bá mi kí wọn. Orin kan péré, wọn ò lè fara dà á." Mo pè é, ó gé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà. Màmá kú nígbà tí aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ ibi tí a wà ránṣẹ́ sí i. Ó sáré dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀: ikọ́ náà, ohun tí wọ́n wá sọ, àti ẹnu tí mo pa mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n gbọ́ ọ? Díẹ̀ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé ẹnu mi. Ọlọ́run ló mọ̀ bí ó ṣe wù mí tó láti sọ ọ́. Mo ní wọn ò gbọ́ ọ.

Ó ní, "Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ká ní ẹ sọ fún mi pé ara wọn ò yá ni, mi ò ní jáde. Ǹ bá jókòó tì wọ́n, ǹ bá ta gìtá fún wọn nínú yàrá."

Mo ní, "Mo mọ̀."