Ìsun Tó Wà Lábẹ́ Iyanrìn

Bàbá mi ní òun mọ ọ̀nà. Gbogbo ohun tó dẹ́rù bà mí lọ́jọ́ náà, inú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti jáde.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ilé ní Festac, nígbà tí omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ dáadáa, tí ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ kì í rọra dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ kú, abà àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti ń pọnmi, níbi tí ìdílé kan ti ń sin màlúù láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ìsun mẹ́ta ló wà ní abà náà. Bàbá mi ní kò sí omi tó dùn tó o láyé. Ní báyìí tí wọ́n ti pé ọgọ́rin ọdún, tí omi kànga ẹ̀rọ ilé wa sì pupa bíi tíì, wọ́n ní àwọn fẹ́ mu ún lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó kú.

Èmi náà gbà kíákíá. Ìwé tí mo kà ní yunifásítì kì í jẹ́ kí n rí omi kí n má rò ó di àròkọ. Mo ki bírò bọ àpò.

Kẹ̀kẹ́ Maruwa já wa sílẹ̀ níbi tí títì parí sí. Aṣálẹ̀ ló wà níwájú wa. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì ti fa iyanrìn láti inú ọ̀sà, wọ́n ti fi bo gbogbo irà, ó funfun lọ títí débi pé ojú ń dunni. Láàárín rẹ̀ ni ilé alámọ̀ kan dá dúró, pẹ̀lú igi àgbọn mẹ́rin àti ọgbà màlúù tí kò ní màlúù mọ́. Wọ́n ri pátákó gàgàrà kan mọ́lẹ̀ tó ń kí àlejò káàbọ̀ síbi ìtàn, sí abà onísun mẹ́ta. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn tó ri pátákó náà ti fi iyanrìn dí méjì nínú wọn.

Ipasẹ̀ ènìyàn yí gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ sí ilé náà. Mo ní ká gba ibẹ̀.

"Ìwọ tí a ò tíì bí nígbà tí mo ti ń rìn ín?" bàbá mi dáhùn. "Igi àgbọn yẹn ni mo máa ń wò. Màá sì lọ tààrà."

Wọ́n lọ tààrà, nínú kóòtù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ fi han ìjọba pé àwọn kò tíì kú, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Mo ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Mo rí i tí wọ́n dúró. Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé wọ́n ti kúrú.

Iyanrìn ti mu wọ́n dé orúnkún. Wọ́n gbìyànjú láti fa ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì tún wọlé sí i. Omi ń yọ yí wọn ká. Mo sáré lọ, ilẹ̀ mu èmi náà dé ọrùn ẹsẹ̀, mo sì fò sẹ́yìn. N ò ní purọ́: mo fò sẹ́yìn.

Obìnrin kan tó máa tó ẹni ọgọ́ta ọdún sáré jáde láti inú ilé alámọ̀ náà, ó gba ibi tí ipasẹ̀ wà, ó mú okùn màlúù dání. Òun ló kù nínú ìdílé tó ni abà.

"Bàbá, ẹ má jà," ó ní. "Orí ìsun àárín lẹ dúró sí. Wọ́n dí i, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún un."

Ó ju okùn náà, bàbá mi so ó mọ́ abẹ́ apá. Èmi àti obìnrin náà fà á. Wọ́n kérora, wọn ò sì kúrò níbẹ̀. Iyanrìn ti dé itan.

"A ò lè fà yín lóòró," obìnrin náà wí. "Ẹ nà gbalaja sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín lè yọ. Bí a ṣe máa ń fa ẹran jáde nìyẹn."

"Ẹran?"

"Ẹran, bàbá. Ẹran kì í bá wa jiyàn."

"Ìyáàfin, mo jù yín lọ. N kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi, ká má tilẹ̀ sọ ti obìnrin."

"Ta ló ní kí ẹ kí mi? Kí ẹ jáde ni mo wí."

Bàbá mi túbọ̀ di kẹ́ẹ̀gì mú. Mo wá rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, àti pé ipò àgbà nìkan ló kù tí wọ́n lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

"Ìwọ, fi àyà wọ́ lọ bá wọn," obìnrin náà sọ fún mi. "Fà wọ́n lulẹ̀."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì, ọrùn nìkan ni mo fi ń kí bàbá mi. Mo ti fi àwọn adọ̀bálẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì sanwó fún mi. Mo dojú bolẹ̀. Iyanrìn ń mì lábẹ́ ikùn mi bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo wọ́ títí orí mi fi dé ìdí kẹ́ẹ̀gì. Kí ọwọ́ mi tó tó kóòtù wọn, kẹ́ẹ̀gì bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi rí ẹ̀yìn ọmọ wọn nílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n sì ṣe ohun tí àgbà máa ń ṣe: wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn.

"Dìde, ọmọ mi, wàá..."

Àdúrà náà ò parí. Wọ́n ṣubú lé mi lórí. Ojú mi wọ inú iyanrìn, omi wọ ẹnu mi, n kò lè mí. Mo rò pé èmi ni wọ́n fi pààrọ̀. Lókè, mo ń gbọ́ obìnrin náà: "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ dúró bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ẹrù fúyẹ́ lẹ́yìn mi, okùn ń wọ́ bàbá mi lọ lórí mi bí ọkọ̀ ojú omi, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló bá wọn jáde. Mo fi àyà wọ́ tẹ̀ lé wọn.

Obìnrin náà bu omi ìsun tó kù wá nínú igbá. Ọwọ́ méjèèjì ni bàbá mi fi gbà á, wọ́n sì mu ún títí igbá fi gbẹ.

"Báwo ni?" mo bi wọ́n.

"Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀."

Nígbà tí a máa lọ, wọ́n dúró létí iyanrìn, wọn kò gbé ẹsẹ̀. Wọ́n di bẹ́líìtì mi mú lẹ́yìn.

"Máa lọ níwájú," wọ́n ní.

Mo ṣíwájú. Ipasẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò kí n tó gbé ara lé e.