Kanzo tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Jẹ

Lọ́dún tí oúnjẹ wọ́n ní Kumasi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn nílé ìwòsàn ní Bantama. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò sí oúnjẹ tí Màámi gbé lọ tí ẹnu rẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ kan ló sọ pé kanzo ló ń wu òun jẹ, ìyẹn ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Màámi wá ìrẹsì díẹ̀ rà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jó, wọ́n fi ewé dì í, wọ́n ní kí n gbé e lọ.

N kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Nínú ọkọ̀ trotro tí mo wọ̀ láti Fante New Town, òórùn rẹ̀ ń dà mí láàmú. Mo tú ewé náà, mo bù díẹ̀. Mo tún bù díẹ̀. Ká tó dé Bantama, ewé nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbórí sókè nígbà tó rí mi. "Ó dà?"

"Màámi ní ìrẹsì ò jó lónìí."

"Adɛn? Kí ló dé tí kò jó?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò burú. Sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kó jó dáadáa lọ́la."

Ilẹ̀ ò mọ́ bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni kanzo bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí jẹ. Kì í ṣe ebi. Tí inú mi bá ti bàjẹ́, tàbí tí ẹ̀rù bá bà mí, itọ́ á máa sun lẹ́nu mi, màá wọ ilé ìdáná lọ máa ha ìkòkò. Bí mo bá ṣe ń jẹ ẹ́, á máa ṣe mí bíi pé ẹnì kan jókòó tì mí, tó ń wo ọwọ́ mi. N kì í lè yíjú.

Mo ti lọ́kọ nígbà tí oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́. Mo lọ sọ́dọ̀ Màámi, mo gbé ìrẹsì kaná, mo ń wò ó títí ó fi ń rú èéfín. Wọ́n yọ sí mi.

"Màámi, èmi ni mo jẹ kanzo Sístà."

"Mo mọ̀. Dúdú rẹ̀ wà létè ẹ nígbà tó o padà dé. Mo ní tó bá di àárọ̀, n óò bá ẹ wí. Àárọ̀ wá dé, ìwọ nìkan lo kù mí kù."

Wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n mú ṣíbí méjì. Ó korò gan-an. A jẹ ẹ́ tán.

Màámi náà ti lọ báyìí. Kanzo ṣì ń wù mí jẹ.