Aago Wọn Fi Wákàtí Méjì Ṣáájú Tiwa

Àbúrò mi obìnrin ni gbogbo oníbàárà ń pè ní Àǹtí Wákàtí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tá a ti jọ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, tábìlì wa kojú síra nínú ọ́fíìsì kékeré kan. Dárúkọ pápákọ̀ òfurufú méjì fún un, kò ní wo ibì kankan: "Kìlómítà ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba, wákàtí mẹ́ta." Èmi tí mò ń wo kọ̀ǹpútà kí n tó lanu, ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ronú fún mi. Inú a máa bí mi, àmọ́ kì í ṣàṣìṣe.

Àfi ọjọ́ tí télọ̀ kan sáré wọlé, tó ń làágùn, tí téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ìyá náà ní òun fẹ́ fojú kan án kí wọ́n tó fún òun loògùn oorun. Télọ̀ ò wọ bàálù rí. Àbúrò mi ní kó fọkàn balẹ̀: bàálù ọ̀sán máa gbéra ní aago méjìlá, aago mẹ́ta ló máa balẹ̀. Ó gbàgbé pé aago ilẹ̀ ọ̀hún fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n. Aago márùn-ún gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì kọ pé ó máa balẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mi ò wò ó. Télọ̀ náà ò wò ó, ohun tí Àǹtí sọ ló dì mú.

Nígbà tó fi máa dé ọsibítù, wọ́n ti gbé ìyá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìyá ò jí mọ́.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo Fúráìdé ni télọ̀ ń wá. Á jókòó, á dúpẹ́ pé a bá òun wá àyè, á wá máa dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Ó ní ó dájú pé Àǹtí sọ̀rọ̀ aago yẹn fóun, oníṣẹ́ bíi tiẹ̀ ò lè gbàgbé, ọkàn òun ni ò sí nílé. Àbúrò mi á kàn máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń béèrè pé aago mélòó ló lù, bẹ́ẹ̀ òun ò rí obìnrin náà rí láyé. Mo ní kó sọ òótọ́ kó sinmi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi òun sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí fún un. Oṣù méje gbáko.

Fúráìdé tó kọjá, àbúrò mi ò jẹ́ kí télọ̀ jókòó.

"Mi ò sọ fún yín," ló wí. "Èmi ni mo gbàgbé. Ẹ̀bi yín kọ́ rárá."

Mo rò pé télọ̀ á pariwo, mo tiẹ̀ ti dìde. Kò pariwo.

"Bàálù àárọ̀ ńkọ́, Àǹtí? Ṣé àyè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mò ń gbàdúrà nínú mi pé kó purọ́, kó ní ó ti kún.

"Ó wà," ni àbúrò mi wí. "Ìjókòó mọ́kànlá."